Àwọn Tí Ọ̀gá Ìdírísù Tú Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdù

Òjò láti ìdájí. Ọ̀nà tó jáde láti ilé wa ní Awoyaya ti di odò, mo sì ní láti bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí n tó dé títì. Nígbà tí mo fi máa dé ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wa ní Ṣàngótẹ̀dó, Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́, alága wa, ti jókòó. Ní ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi ń ṣe akọ̀wé fún ọkùnrin yìí, kò pẹ́ dé ìpàdé rí. Bíríkìlà ni, ògiri tó bá sì mọ kì í wọ́. Ó na lẹ́tà kan sí mi.

"Akọ̀wé, ẹ bá mi kà á. Ẹ kà á jẹ́jẹ́, àyà mi ń já."

Ọ̀dọ̀ àwọn alámòójútó ẹ́sítéètì ńlá kan ní Oniru ni lẹ́tà náà ti wá. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Agẹmọ, oníṣẹ́ ọwọ́ kankan kò ní í wọlé ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn mọ́, àfi tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ojú ìwé ayélujára ti ẹgbẹ́ tí àwọn mọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò máa wò ó lórí fóònù.

Igba ènìyàn ó lé mẹ́tàdínlógún ni wá: bíríkìlà, káfíńtà, púlọ́ńbà, wẹ́dà, àwọn tó ń lẹ táìsì, àwọn tó ń kun ilé. Ó ju ìdajì wa lọ tí oúnjẹ wọn ń ti inú ẹ́sítéètì yẹn wá. A kò ní ojú ìwé ayélujára kankan. Ohun tí a ní ni ìwé mẹ́rin ẹlẹ́yìn líle tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ: orúkọ oníkálukú, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ tó sì tú u sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ó gba òmìnira.

"Kò ju agbára wa lọ," ni mo sọ fún alága. N kò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti rí ẹni tí yóò bá wa ṣe é. Olúwafúnmilọ́lá ni, ọmọ Àǹtí Àjíkẹ́ tó ń rán sùtánà fún ìjọ wa. Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ni ó ń kọ ní ọ́fíìsì kan ní Lekki, ó sì ní òun yóò máa yà sọ́dọ̀ wa bí òun bá ti ṣíwọ́. Dátà nìkan ni ó ní kí a máa rà fún òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó dátà pàápàá ti gun òkè àjà lọ jókòó báyìí.

Ó ṣí àwọn ìwé mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi ojú fo ìwé kọjá. Ọmọ yìí ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ibi tí òwú ti já lára aṣọ. Ẹni tó bá mọ ìyá rẹ̀ yóò mọ ibi tí ó ti jogún rẹ̀.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin nìkan lẹ kọ gbogbo èyí?"

"Èmi nìkan ni."

"Kò sí ibì kan tí ẹ ti pa nǹkan rẹ́!"

"Káfíńtà ni mí, ọmọ mi. A kì í gé pákó kí a tó wọ̀n ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè bóyá òun lè gbé ìwé àkọ́kọ́ lọ sílé. N kò gbé ìwé yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mo gbé e fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó ti kó ọgọ́rin orúkọ sínú dátábéèsì, èyí tí í ṣe àká tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú orúkọ sí, ó sì ṣí ojú ìwé náà fún wa lórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ ni ó fi pín wa: káfíńtà wà pẹ̀lú káfíńtà, púlọ́ńbà wà pẹ̀lú púlọ́ńbà, ó sì to orúkọ tẹ̀lé ara wọn bí lẹ́tà ábídí ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Bọ̀sún ni ó kọ́kọ́ ta kìjí. Òun àti Fàtíù jọ ń lẹ táìsì ni, Ọ̀gá Ìdírísù tó dolóògbé ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ó sì tú àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Fàtíù ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà tú sílẹ̀ láyé rẹ̀, Bọ̀sún sì ni ẹni ìkẹyìn.

"Ẹ̀gbọ́n Fàtíù, ẹ kú ẹ̀yìn o! Ẹ rọra, kí ẹ má baà tẹ̀ mí ní gìgísẹ̀."

"Ìwọ? Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì? Táìsì tí o kọ́kọ́ lẹ, ṣebí òdì rẹ̀ lo gbé sókè!"

"Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá a jà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi alága. Ó sún mọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, o ṣeun, Olúwa yóò bù kún ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ la fi ń mọ ara wa níbí. Ẹni tó tú ọ sílẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́. Bí oníṣẹ́ bá ba ilé onílé jẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ là ń gbà lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i bóyá mo gbọ́ yín yé, sà. Ọ̀gá ni yóò wà lókè. Àwọn tí ó tú sílẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gba fírídọ́ọ̀mù ni yóò ṣíwájú."

"Bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni."

"Màá tú u palẹ̀, màá tún un kọ́."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni ó sọ pé òun yóò tú palẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ kò sì rẹ̀wẹ̀sì. Mo ti bá àwọn tó dàgbà jù ú lọ ṣiṣẹ́, tí wọn kò lè tú férémù fèrèsé kan ṣoṣo láìbú onílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo jókòó tì í lónìí, mo sì fẹ́ kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ kí ó má baà sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó ní kọ̀ǹpútà ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fa ìlẹ̀kẹ̀. Bí ó bá ti ka ẹnì kan, yóò rántí ọ̀gá onítọ̀hún. Bí ẹni tó tẹ̀lé e bá jẹ́ ti ọ̀gá kan náà, yóò kọ ọ́ sábẹ́ ti ìṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀gá mìíràn, yóò pa ìlẹ̀kùn dé lórí àwọn ti tẹ́lẹ̀, yóò sì kọ àkọlé tuntun. Kò sí ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ tò ó. Kóòdù ni yóò máa fúnra rẹ̀ kọ ojú ìwé náà nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Bí a bá fi orúkọ kan kún àká náà láàárọ̀, gbogbo ayé yóò rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ Ọ̀gá Ọláyọdé, àgbà wẹ́dà wa, jáde nígbà mẹ́sàn-án, ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àkọlé tirẹ̀. Ọ̀gá Ọláyọdé fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà ní igun ṣọ́ọ̀bù.

"Mẹ́sàn-án kẹ̀? Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo ní. Ibo ni mo ti rí ilé mẹ́sàn-án tí mò ń kó ọmọ sí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́," ni Fúnmilọ́lá wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀bi òun ni: òun kò tíì kó àwọn ọmọ ọ̀gá kan náà jọ sójú kan kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ju ẹni tó kà kẹ́yìn lọ. Bí ó bá ti kúrò lọ́dọ̀ Ọláyọdé tó tún padà bá a, àlejò tuntun ni ó rò pé òun rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ìsìn parí ní aago kan. Fúnmilọ́lá kò tíì bọ́ sùtánà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán sì wà nínú yanrìn, nígbà tí ó ṣí láàpútọ́ọ̀pù lábẹ́ igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ó ní kí kóòdù ti máa bẹ̀rẹ̀ báyìí: Ọ̀gá Ọláyọdé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn mẹ́sàn-án tò sábẹ́ rẹ̀, àgbà síwájú, àbúrò tẹ̀lé e. Fàtíù wà lókè àwọn mẹ́rìnlá tí Ọ̀gá Ìdírísù tú sílẹ̀, Bọ̀sún sì wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí òmìnira rẹ̀ fi í sí.

Mo ti kan òrùlé fún àwọn ilé tí ènìyàn ń dúró wò ní òpópónà. Inú mi kò dùn lábẹ́ èyíkéyìí nínú wọn tó bí ó ti dùn lábẹ́ igi àgbọn yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò. Kò sí iná láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì tún ti fi owó lé epo bẹntiróòlù. Orúkọ mẹ́rìnlélógójì ló ṣẹ́kù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Agẹmọ

Fàtíù gba iṣẹ́ ńlá. Ilé alájà mẹ́ta ni, nínú ẹ́sítéètì Oniru yẹn kan náà, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì lẹ, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Irú rẹ̀ kò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí láti ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ ti kú. Ó ti kó ẹ̀rọ tí ó fi ń gé táìsì wọlé, ó sì ti lẹ yàrá méjì. Mo rí iṣẹ́ náà lórí fóònù rẹ̀. Ìlà àárín táìsì kan kò fi bí irun ṣe tó sanra ju èkejì lọ. Ọwọ́ Ìdírísù ni ọwọ́ yẹn, ẹni tó bá mọ olóògbé kò ní í béèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Ó parí! Igba ó lé mẹ́tàdínlógún ló pé pérépéré. A fi àdírẹ́sì ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí Oniru, wọ́n sì dáhùn pé àwọn ti rí i, ó sì dára.

Fúnmilọ́lá tún kọ́ mi bí n óo ṣe máa fi orúkọ kún un, bí n óo ṣe máa tún un ṣe, àti bí n óo ṣe máa yọ ọ́, láti orí fóònù ara mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo fúnra mi tún nọ́ńbà púlọ́ńbà kan ṣe, mo sì pe ìyàwó mi wá wò ó. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ka ojú ìwé wa láti òkè délẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Lábẹ́ orúkọ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà rẹ̀ wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: Ẹ pè é fún iṣẹ́. Mo kà á dé orí Ọ̀gá Ìdírísù, ọkàn mi sì gbọgbẹ́. Ọwọ́ Ràhímátù, opó rẹ̀, ni fóònù yẹn wà. Mo ro bí àjèjì kan yóò ṣe pè, tí yóò ní kí wọ́n gbé e fún bàálé ilé kí ó wá lẹ táìsì fún òun.

Àwọn mẹ́rin mìíràn wà nínú àwọn ọ̀gá tó ti lọ bẹ́ẹ̀. Mo yọ àwọn márààrún kúrò nínú àká, mo sì gbàdúrà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó tẹ bọ́tìnnì. A kì í pe òkú wá síbi iṣẹ́. Ara mi fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Fàtíù pè.

"Bàbá Akọ̀wé, orúkọ mi kò sí níbẹ̀."

"Sọ fún wọn kí wọ́n wò ó dáadáa."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀ṣọ́ ti wò ó. Ó ní kí n kúrò lójú ọ̀nà mọ́tò. Bọ̀sún náà kò sí. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó wà níbẹ̀."

Kí ó tó di aago mẹ́wàá, wọ́n ti dá àwọn mẹ́tàlélógún padà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Nígbà tí a ka ojú ìwé náà, ènìyàn mọ́kànlélógójì ló ti pòórá. Ẹni tó ni ilé tí Fàtíù ń ṣe pè é láti ìlú òkèèrè: bí iṣẹ́ kò bá tẹ̀ síwájú kí ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn.

Ṣọ́ọ̀bù kún ní ọ̀sán. Wọ́n ní ọmọbìnrin tí mo mú wá ti kó wa sí wàhálà, wọ́n ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó mọ̀. Alága ní kí a má pariwo.

"Ẹ kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ tèmi. Akọ̀wé lè tẹ̀ ẹ́ báyìí. Lọ́la wọn yóò wọlé."

Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó lawọ́ ni. Fàtíù dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì tún dìde.

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ tú mi sílẹ̀."

"Orúkọ lásán ni, Fàtíù! Nítorí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni."

"Bí ó bá jẹ́ orúkọ lásán, ẹ jẹ́ ká kó àwọn tí ẹ̀yin náà tú sílẹ̀ sábẹ́ Ọ̀gá Ọláyọdé."

Bọ̀sún fà á láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ńlá nìyí. Ṣé kí ó bọ́ ni?"

"Bí yóò bá bọ́, kó bọ́. Ọdún méje ni mo fi gbé ilé ọkùnrin yẹn. Ọjọ́ tí mo fọ́ táìsì oníbàárà, àpótí kan odindi, èmi kọ́ ni mo lọ bẹ̀bẹ̀. Òun ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí ó lè bí. Kó wá di pé ẹlòmíràn ló kọ́ mi?"

Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ẹ̀rù sì bà mí fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Fúnmilọ́lá gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán dáadáa. Wọ́n kí i bí ẹni ń kí agbowó orí. Ó kúnlẹ̀ fún olúkúlùkù, ó jókòó, ó ṣí ẹ̀rọ. Kò pé ìdajì wákàtí tí ó fi dìde tó sì ní kí n jọ̀wọ́ bá òun jáde.

"Bàbá, mo ti rí i. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ni kóòdù mi ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan, yóò béèrè pé, 'Ta lẹ tú sílẹ̀?' Bí ọ̀gá kò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn mọ́kànlélógójì ṣì wà nínú dátábéèsì. A kàn dẹ́kun pípè wọ́n ni."

Mo mọ ẹni tó yọ wọ́n, síbẹ̀ mo béèrè: "Ta ló yọ àwọn ọ̀gá náà?"

Ó wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé àká náà ń kọ orúkọ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, àti ọjọ́, àti wákàtí. Ó ti rí i.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, sà. Kóòdù tèmi ló ṣẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ọ̀gá lè kú."

Mo dúró lójú oòrùn. Nínú ilé, wọ́n ń pè é ní alákòóbá. Ó gbọ́ wọn, ó sì ti múra láti gbé ẹ̀bi náà lọ sílé bẹ́ẹ̀ nítorí ewú orí mi. N kò mọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní irú ìwà yìí. Mo ti sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, níbi ìṣílé, níwájú ọba pàápàá. Ọ̀rọ̀ tí mo wọlé lọ sọ yìí ló kúrú jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì wúwo jù.

"Èmi ni mo yọ wọ́n. Ẹ má bá ọmọ náà wí. Ẹ dìde, kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni n óo ṣíwájú."

Mo sì ṣíwájú. Àwọn yòókù tẹ̀lé mi, alága pàápàá. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ojú.

Fàtíù, tí Bọ̀sún ti lọ wá padà, béèrè nítorí kí ni mo fi yọ ọ̀gá wọn. Mo sọ ti fóònù opó fún un. Ó ronú díẹ̀.

"Ṣé ẹ bi Ìyá wa?"

N kò bi í. A kọrí sí Ajah lẹ́yìn ìrun àsárì, èmi, òun àti Fúnmilọ́lá. Ràhímátù ń to ìkòkò síta níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi tán, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bàbá Akọ̀wé, ọdún méjì ni wọ́n ti ń pe fóònù yẹn. Kò sí oṣù tí wọn kì í pè. Màá ní, 'Bàbá ti lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹ gba nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́ tó kọ́.' Màá sì ka ti Fàtíù fún wọn." Ó yíjú sí Fàtíù. "Àbí ìwọ rò pé ojú ẹ tó rẹwà ni àwọn oníbàárà ń tẹ̀lé?"

Fàtíù kò mọ̀. Kò mọ̀ rárá. Ó jókòó lé ìkòkò kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ilé Oniru yẹn ńkọ́, Ìyá?"

"Àwọn náà pè. Ohùn obìnrin kan ni. Dìde lórí ọjà mi."

Orí tábìlì opó yẹn ni Fúnmilọ́lá ti tún kóòdù ṣe. Ó mú àwọn ọ̀gá márààrún padà láti inú ẹ̀dà tí ó ti fi pa mọ́ kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n; ẹni tó gbọ́n ni í tọ́jú ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà ó yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà: ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ni kóòdù yóò ti máa bẹ̀rẹ̀ báyìí, oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò sì máa wá ọ̀gá rẹ̀ lọ, yálà ó wà láyé tàbí ó ti lọ. Ó ní bí a tilẹ̀ pàdánù orúkọ ọ̀gá, oníṣẹ́ kò ní í sọnù mọ́. Níwájú orúkọ àwọn tó ti kú, ó kọ 'Olóògbé'. Ó yọ 'Ẹ pè é fún iṣẹ́' kúrò, ó fi 'Ẹni tó dúró fún wọn' rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó kọ́kọ́ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá náà.

Àwọn mọ́kànlélógójì padà wọlé. Ràhímátù bẹ̀ ẹ́ kí ó tún fi orúkọ ọkọ òun han òun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ sí Oniru nínú òjò, nítorí wọ́n ní àwọn kò gba orúkọ òkú lórí ìwé àwọn oníṣẹ́. Obìnrin tó ń ṣe alámòójútó wọn kò ju ọmọ mi àbígbẹ̀yìn lọ. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ mi láti ilé: bí igi ṣe ń wó tí ewé rẹ̀ ṣì ń wo ọgbẹ́, bí ilé ṣe ń jẹ́ orúkọ ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ó gbọ́ mi títí, kò sì wo aago. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní:

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Bí omi bá ń jò ní ilé ẹnì kan, ta ni màá pè?"

Mo fi ibi tí a kọ 'Ẹni tó dúró fún wọn' sí hàn án. Ó pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ Ìdírísù lójú mi. Fàtíù gbé e.

"Ẹ̀yin lẹ dúró fún àwọn mẹ́rìnlá yìí?"

"Èmi ni, mà. Bí wọ́n bá fọ́ nǹkan, èmi ni n óo wá dọ̀bálẹ̀."

Ó pa fóònù. Ó ní kí a fi orúkọ tó bá wù wá sókè, bí ẹni tó wà láàyè bá ti lè gbé fóònù. Mo gbàdúrà fún un títí ó fi ní ó tó, pé àwọn ènìyàn ń dúró de òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò dá. Mo bá wọn dé ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì ní aago méje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní kí n wá. Àwọn mọ́tò ti tò sẹ́yìn wa. Ẹ̀ṣọ́ náà fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró.

"Olóògbé Ọ̀gá Ìdírísù. Àwọn tí ó tú sílẹ̀. Fàtíù. Ìwọ ni Fàtíù?"

"Èmi ni."

"Wọlé."

Fàtíù kò kúrò lójú kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti òkè yẹn kà."

"Èwo? Ti ẹni tó ti kú?"

"Òun ni."

Mọ́tò kan fun fèrè lẹ́yìn wa. Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó, ó wò mí, ó tún gbé fóònù súnmọ́ ojú. Ó kà á sókè, ketekete, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe orúkọ ẹni tó wà nílé.

"Ẹ ṣeun," ni Fàtíù wí, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì wọlé lọ ṣiṣẹ́.